Abu Hurayrah, Bàbá Ọmọ Ológbò: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìṣọ́ Ẹranko Tí Ń Rìn Káàkiri Àyíká Ilé Wa

KÚTÙBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run, Ẹni tí Ó dá ènìyàn, tí Ó dá ẹranko, tí Ó sì ń pèsè fún èyí tí ń fò lójú sánmà àti èyí tí ń rìn lórí ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí a rán ní ìkẹ́ fún gbogbo ayé, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ pátápátá, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń kìlọ̀ fún ara wa kí a tó kìlọ̀ fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò mọ sí orí ẹní ìkírun. Ó ń bá Mùsùlùmí jáde ní mọ́ṣáláṣí, ó ń bá a wọ ilé, ó sì ń bá a dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ènìyàn kò ti rí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ òní, ìtàn ọ̀kan nínú àwọn sàhábé ni a fẹ́ sọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó sí ilé kéwú tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀: Abu Hurayrah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń ṣíwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ hádíìsì tí a ń kà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ń pe orúkọ náà láì ronú sí ìtumọ̀ rẹ̀. Abu ni bàbá. Hurayrah ni ọmọ ológbò kékeré. Gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá ti ń pe ènìyàn ní Bàbá Rábíù tàbí Bàbá Silifá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pe ọkùnrin yìí ní Bàbá Ọmọ Ológbò. Báwo ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára? Kí ni ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí ológbò ń gbé inú ilé wa, tí ó ń jáde, tí ó ń wọlé, tí ọ̀pọ̀ sì ń jáde lọ tí wọn kì í padà wá mọ́?

Ìran Daws ni wọ́n bí i sí, ìran Lárúbáwá kan tí ó tẹ̀dó sí agbègbè olókè ní ìhà gúúsù ìlú Mọ́kà, lọ́nà ilẹ̀ Yemen. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ó ń jẹ́ kí ó tó gba Ìsìláàmù ni Abd Shams, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹrú oòrùn. Ọmọ òrukàn ni, inú ìṣẹ́ ni ó sì ti dàgbà. Ó fi ìgbà kan ṣe alágbàṣe lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Busrah ọmọ Ghazwan. Oúnjẹ inú rẹ̀, àti àǹfààní láti gun ràkúnmí nígbà tí ó bá kàn án, ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ayé yí padà, obìnrin yìí kan náà ni Ọlọ́hun fi ṣe aya fún un.

Àgùntàn ni ó ń dà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ìròyìn tí Imam at-Tirmidhi gbà wá nínú ìwé rẹ̀, Abu Hurayrah fúnra rẹ̀ ni ó ṣàlàyé bí orúkọ náà ṣe di tirẹ̀. Ó ní ọmọ ológbò kékeré kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò gbé e sórí igi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò mú un dání lọ sí ibi tí ó ti ń da ẹran, yóò sì máa bá a ṣeré. Àwọn ènìyàn rẹ̀ rí èyí, wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀yin ará wa nínú ìmọ́nì, ìròyìn náà kúrú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Darandaran yìí kò so ológbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní ọ̀sán, ológbò náà ń rìn, ó ń ṣeré, ó ń rí oòrùn. Ṣùgbọ́n òru kò bá a nílẹ̀. Ìròyìn náà kò ka ewu kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí darandaran tí kò mọ̀ pé ajá, ìkookò àti pátákò ẹran lè pa ọmọ ológbò ní òkùnkùn. Tálákà ni ẹni tí a ń sọ yìí. Kò ní ilé ńlá, kò ní owó àgò. Ó wo àyíká rẹ̀, ó rí igi, ó sì fi igi ṣe ààbò. Nítorí náà, kì í ṣe owó ni ó ń dí púpọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Ìwòye ni a kò ní.

Ní àdúgbò tiwa, alẹ́ ni àwọn onílé ń tú ajá sílẹ̀ kí ó lè ṣọ́ ọgbà. Alẹ́ ni mọ́tò àti ọ̀kadà ń sáré tí awakọ̀ kò sì rí ohun kékeré tí ó ń kọjá lójú títì. Ẹni tí ó bá ní ológbò, kí ó fún un ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ nínú ilé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, nígbà tí a bá ń múra ìrun mọ̀gàríbì. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọlé. Nígbà náà ni kí a ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò gba èyí, kí ó ṣe pẹpẹ gíga kan sí abẹ́ òrùlé níbi tí ajá kò lè dé. Igi Abu Hurayrah nìyẹn.

Tufayl ọmọ Amr, ẹni ọ̀wọ̀ láàrin ìran Daws, ni ó gbé ìpè Ìsìláàmù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 7 lẹ́yìn hijira, èyí tí ó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 628, Abu Hurayrah gbéra lọ sí Mọ̀dínà, ní àkókò tí Ànábì wà lẹ́nu ogun Khaybar. Ẹrú rẹ̀ kan sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ànábì, tí ó sì ti ṣe àdéhùn ìgbàgbọ́, ẹrú náà yọ lójijì, Ànábì sì fi í hàn án. Abu Hurayrah kò gbá a mú láti fìyà jẹ ẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀ lómìnira nítorí Ọlọ́hun.

Orúkọ tí ó ń tọ́ka sí ìbọ oòrùn kúrò lára rẹ̀, ó di Abdur-Rahman, ẹrú Ọba Àjọkẹ́ ayé. Ṣùgbọ́n orúkọ ológbò kò kúrò. A mọ̀ pé ó jẹ́ ìṣe Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, láti pa orúkọ tí kò dára dà fún àwọn tí ó bá wọ ẹ̀sìn. Orúkọ yìí ni kò pa dà. Òun fúnra rẹ̀ a máa pè é ní Abu Hirr, èyí tí ó jẹ́ Bàbá Ológbò. Bí ó bá jẹ́ àbùkù fún ọkùnrin kí ó fẹ́ràn ẹ̀dá kékeré, níbẹ̀ ni à bá ti gbọ́ ọ.

Ní Mọ̀dínà, Suffah ni ó ń gbé, ìyẹn ibi ìbòjì kan nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì tí àwọn tálákà tí kò ní ilé àti ará ń sùn. Ebi pa á níbẹ̀ tí ó fi ń di òkúta mọ́ ikùn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fi igbá wàrà kan ta Ànábì lọ́rẹ. Ànábì rán Abu Hurayrah pé kí ó pe gbogbo ará Suffah wá. Ọkàn rẹ̀ dàrú díẹ̀, nítorí ó rò pé wàrà náà kò ní í kù kan òun. Síbẹ̀ ó jẹ́ ìpè, ó pè wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igbá náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi yó. Òun àti Ànábì nìkan ni ó kù. Ànábì ní kí ó jókòó mu, ó mu. Ó ní kí ó tún mu, títí tí kò fi sí àyè mọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Ànábì tó mu èyí tí ó kù.

Ẹni tí ebi ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ báyìí mọ ohun tí ó ń bẹ nínú ẹ̀dá tí kò lè fi ẹnu rẹ̀ tọrọ. Àwọn àgbà ní Ọlọ́hun ní ń bá màálù tí kò nírù lé eṣinṣin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹrú Rẹ̀ ni Ó sábà máa ń lò.

Ìyá rẹ̀ kò tètè gba ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ kan, ìyá náà sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Ànábì. Ọmọ náà sunkún lọ bá Ànábì, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe àdúà fún ìyá òun. Ànábì ṣe àdúà. Nígbà tí Abu Hurayrah padà délé, ó gbọ́ ìró omi láti inú ilé. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀. Nígbà tí ó wọṣọ tán, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì jẹ́rìí sí ìjẹ́ọ̀kan Ọlọ́hun. Ẹkún ayọ̀ ni ọmọ náà sun padà lọ bá Ànábì.

Àwọn ará Mọ́kà ní ọjà tí wọ́n ń ná, àwọn ará Mọ̀dínà ní oko àti dúkìá tí wọ́n ń bójú tó. Abu Hurayrah kò ní èyíkéyìí. Ó fi ara mọ́ Ànábì, ó ń gbọ́, ó ń tọ́jú ohun tí ó gbọ́. Bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni wọ́n fi wà papọ̀, ṣùgbọ́n hádíìsì tí àwọn onímọ̀ kà sí i lọ́rùn, pẹ̀lú èyí tí a gbà wá ní ọ̀nà púpọ̀, jẹ́ 5,374. Kò sí sàhábé mìíràn tí ó tó o. Ẹni tí kò fi ọmọ ológbò ṣòfò sínú òkùnkùn ni Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sí lọ́wọ́, kò sì fi ìyẹn náà ṣòfò.

Iṣẹ́ ìṣọ́ mìíràn tún kàn án. Ní oṣù Ràmàdáánì kan, Ànábì fi í ṣọ́ oúnjẹ sàká. Ní òru, ẹnì kan wá ń bu oúnjẹ náà. Ó mú un, olè náà bẹ̀ ẹ́ pé aláìní ni òun, ó sì fi í sílẹ̀. Ní òru kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní òru kẹta, ó ní òun kò ní í gbà fún un mọ́. Olè náà wá kọ́ ọ pé kí ó máa ka Ayatul Kursiyyu nígbà tí ó bá fẹ́ sùn, ìṣọ́ Ọlọ́hun yóò wà lórí rẹ̀, Ṣàítánì kò sì ní í sún mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ànábì jẹ́ kí ó mọ̀ pé Ṣàítánì gan-an ni ẹni náà, pé òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ ní ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a dúró síbí yìí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Bí ológbò bá ń ké lóru bí ọmọ ìkókó, a rí àwọn tí yóò ní àjẹ́ ni. Wọ́n á gbé omi gbígbóná, wọ́n á wá òkúta, wọ́n á wá igi. Bí ó bá jẹ́ dúdú, ọ̀ràn rẹ̀ tún burú sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ó bá òkú ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọdé yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Abo tí ń wá akọ a máa ké bẹ́ẹ̀. Akọ méjì tí ń du ibùgbé a máa ké bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò sọ pé kò sí oṣó tàbí àjẹ́. Ó sọ ohun tí Mùsùlùmí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù òru bá ń bà, Ayatul Kursiyyu ni kí ó kà, kì í ṣe òkúta ni kí ó jù. Ẹ sì kíyè sí i pé ọwọ́ Bàbá Ọmọ Ológbò ni a ti gba ìròyìn ààbò yẹn. Báwo ni a ó ṣe gba ààbò òru lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fi òru kan náà pa ẹ̀dá tí ó ń fi òru ṣọ́?

Nínú hádíìsì tí ó gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Muslim, ni ìtàn obìnrin kan tí ó wọ iná nítorí ológbò. Obìnrin náà so ó mọ́lẹ̀. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ jẹ nínú àwọn kòkòrò àti ẹranko kéékèèké ilẹ̀, títí ó fi gbẹ, tí ó sì kú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ ìtàn yìí, ọkàn wa sì balẹ̀, nítorí a kì í so ológbò. Tiwa ń rìn káàkiri, ó ń wá oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó wà nílẹ̀ fún un láti jẹ? Àwa kan náà ni a ń ra oògùn eku tàbí ọ̀tapiapia lọ́jà, a ń pò ó mọ́ ẹja gbígbẹ, a ń fi sí igun ilé àti ẹ̀yìn ìgànná. Eku jẹ ẹ́, eku kò tíì kú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ológbò pa á, ológbò jẹ ẹ́. Ọ̀nà ìyè tí obìnrin yẹn dí mọ́ ológbò rẹ̀, àwa ṣí i sílẹ̀, a sì fi májèlé sí i. Fífi ẹranko sílẹ̀ kí ó rìn kò gba ọrùn wa lọ́wọ́ ohun tí àwa fi ọwọ́ wa gbé sí ojú ọ̀nà rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ má pa eku. Ẹ̀sìn gbà wá láàyè láti pa á, nítorí ó ń ba oúnjẹ jẹ́, ó sì ń kó àrùn. Ọ̀nà tí a fi ń pa á ni a ń sọ. Ilé tí ó ní ológbò, pàkúté àti ológbò tó o. Bí ó bá di dandan kí a lo oògùn, kí ó wà nínú àpótí tí ihò rẹ̀ kò gbà ju eku lọ, kí ọwọ́ ọmọdé má baà dé ibẹ̀. Kí a máa wá òkú eku ní àárọ̀, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Bí a bá rí ológbò tí ń da itọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí mímí ń ni ín lára, kí a gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kí a sì mú páálí oògùn náà dání. Epo pupa tí a ń rọ́ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì ṣe é ní ibi tí ó ju ti oògùn lọ.

Abu Hurayrah ni ó tún gbà wá pé ẹ̀ka ìgbàgbọ́ lé ní àádọ́rin, àti pé èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin tí ó rí ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà, tí ó gbé e kúrò, tí Ọlọ́hun sì fi orí jì í. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ti arìnrìn-àjò tí òùngbẹ gbẹ, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tí ó mu omi tán, tí ó rí ajá tí ń lá erùpẹ̀ nítorí òùngbẹ, tí ó tún sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un. Ọlọ́hun fi orí jin òun náà. Àwọn sàhábé béèrè bóyá láádá wà nínú ìtọ́jú ẹranko, Ànábì sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé láádá wà nínú ṣíṣe dáadáa sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa padà délé lónìí kí ó wo àyíká rẹ̀. Kànga tí kò ní ìdérí, kí a dé e. Agbá omi tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí a dé e. Ihò ṣáláńgá àtijọ́ tí a kò lò mọ́, kí a dí i. Àfọ́kù ìgò àti páànù tí ó ti dógùn-ún, kí a kó wọn. Agolo tí a ti ṣí, kí a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí a tó jù ú nù, kí orí ẹranko má baà há sínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́ tàbí ìgbà òjò, ológbò a máa sá wọ abẹ́ mọ́tò, nígbà mìíràn a máa gun ibi ẹ́ńjìnnì nítorí ooru rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ wakọ̀ jáde, kí ó fi ọwọ́ gbá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì wo abẹ́ táyà kí ó tó ṣíná. Kí a fún ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, nítorí ẹni tí ń jáde lè pàdé ajá tí ó ní àrùn náà, kí ó sì gbé e wá bá àwọn ọmọ wa.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òbí, pé kànga tí ológbò kó sí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ ọmọdé. Oògùn tí ológbò rí jẹ, ọmọ tí ń rá kòrò lè rí i. Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ààbò tí a ṣe fún ẹ̀dá tí ó kéré jù nínú ilé, gbogbo ilé ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé Ànábì ní ológbò kan tí ó sùn sórí apá ẹ̀wù rẹ̀, tí ó sì gé apá ẹ̀wù náà kí ó má baà jí i. A kò rí ìtàn yẹn nínú àwọn ìwé hádíìsì tí a gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì yẹ kí a fi ohun tí kò sọ mọ́ Ànábì. Èyí tí ó fìdí múlẹ̀ tó wa. Sàhábé tí ń jẹ́ Abu Qatadah ń ṣe àlùwàlá, ológbò wá fẹ́ mu omi, ó sì tẹ igbá omi náà fún un kí ó lè mu ún dáadáa. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ṣàlàyé fún un pé Ànábì ti sọ pé ológbò kì í ṣe ohun ẹ̀gbin, pé ó wà nínú àwọn tí ń wọlé-jáde láàrin wa. Ẹni tí ń wọlé-jáde láàrin ẹni, ará ilé ni.

Nígbà tí Umar ọmọ Khattab di Kálífà, ó fi Abu Hurayrah ṣe gómìnà ní Bahrain. Lẹ́yìn èyí, Umar tún pè é sí ipò, ó kọ̀. Nígbà ìjọba Muawiyah, ó di adelé gómìnà ní Mọ̀dínà nígbà tí Marwan kò bá sí nílé. Wọ́n rí i ní ọjà tí ó ru ìdì igi ìdáná sí ẹ̀yìn, tí ó ń ní kí àwọn ènìyàn yà fún gómìnà. Ipò kò gbé e kúrò nínú iṣẹ́ kékeré.

Àlejò kan tí ó gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún òru méje, Abu Uthman an-Nahdi, ròyìn pé wọ́n pín òru sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ilé náà. Òun yóò kírun ní ìdá kan, aya rẹ̀ ní ìdá kan, ìránṣẹ́ wọn ní ìdá kan. Bí ọ̀kan bá parí, yóò jí èkejì. Kò sí apá kan nínú òru tí ilé náà wà láìní ẹni tí ó lajú sílẹ̀.

Ó kú ní Mọ̀dínà láàrin ọdún 57 sí 59 lẹ́yìn hijira, ìyẹn nǹkan bí ọdún 676 sí 679, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Baqi. Orúkọ oòrùn tí wọ́n sọ ọ́ ti di ìgbàgbé lẹ́nu ayé. Orúkọ tí ìtọ́jú ẹ̀dá kékeré sọ ọ́ ni a ṣì ń pè lórí mínbárì títí di òní.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún yín, àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Oníkẹ̀ẹ́.

KÚTÙBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Àlùkùránì jẹ́ kí a mọ̀ nínú Súrà al-An'am pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ jẹ́ ìjọ bí àwa náà, ọ̀dọ̀ Olúwa wọn ni a ó sì kó wọn jọ sí. Kí a pín ìṣọ́ yìí nínú ilé wa gẹ́gẹ́ bí Abu Hurayrah ti pín òru. Kí ọmọ kan máa pe ológbò wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìyá máa wo ibi tí oògùn eku wà. Kí bàbá wo abẹ́ mọ́tò ní àárọ̀, kí ó sì dé kànga ní alẹ́. Kí àwọn olùkọ́ ilé kéwú sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí ń sọ òkúta lu ológbò, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń gba hádíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun, ṣe àánú wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àánú ẹ̀dá Rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́mìí kan tí kò lè sọ̀rọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́jọ́ lòdì sí wa ní ọ̀la. Yọ́nú sí Abu Hurayrah àti ìyá rẹ̀, kí O sì fi ìfẹ́ wọn sí ọkàn wa. Ṣọ́ ilé wa, ṣọ́ ọmọ wa, ṣọ́ ìlú wa ní òru àti ní ọ̀sán. Fi orí jin àwọn òbí wa, àwọn tí ó wà láyé àti àwọn tí ó ti ṣáájú wa lọ. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a kírun.